Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: “Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì.”

Nígbà tá a pàdé kẹ́yìn, mo kàn sọ ọ́ gẹ́rẹ́ nínú ìdáhùn kan pé ìkànnì tí ẹni tí ò ríran ò lè lò, wọn ò tíì kọ́ ọ tán ni. Mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Lẹ́tà wọlé títí, àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan bú mi, ẹnì kan tiẹ̀ ní iṣẹ́ ló wọ́n lọ́wọ́ mi. Ó dáa náà. Gbogbo àyè tá a ní lónìí, orí ọ̀rọ̀ yìí la máa lò ó sí.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fáwọn èèyàn, ọdún kẹfà rèé. Kò sí àkàndá kan ṣoṣo tó tíì kọ̀wé sí èmi tàbí àwọn oníbàárà mi pé òun ò rí ìkànnì wa lò. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú ju bó ṣe yẹ lọ? – Oníṣẹ́ ìkànnì

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ tinú yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbà kọ̀wé sí yín? Mo lọ wo ìkànnì tẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà yín, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, ẹ fọkàn balẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan ló wà níbẹ̀ téèyàn máa fi kàn sí yín. Àwọn àpótí inú fọ́ọ̀mù yẹn ò lórúkọ kankan nínú kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tẹ́ ẹ fi kọ́ ìkànnì náà, lẹ́tà eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ṣàlàyé ohun tó yẹ kéèyàn kọ síbẹ̀ sì máa ń pòórá téèyàn bá ti tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, nígbà tó wá kù díẹ̀ kéèyàn fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ lẹ gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú ẹ̀ pé kó mú èyí tí bọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀ kó lè hàn pé kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹni tí ò ríran lẹ ní kó bá yín wá bọ́ọ̀sì o. Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ gbé aago ẹnu ọ̀nà sínú yàrá, ẹ wá ń sọ pé láti ọdún mẹ́fà kò sẹ́ni tó tẹ aago.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tójú ẹ̀ ti lọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ kiri, fóònù ẹ̀ ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ó sì yá lọ́wọ́ ẹ̀ ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í nígbà tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lórí ìkànnì kan. Fóònù ń ka nǹkan sí i létí, ó yára débi pé èmi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, àfi bí ìgbà tójò bá ń rọ̀ sórí páànù. Ó yan ọjọ́, ó yan àkókò, gbogbo ẹ̀ ń lọ geerege. Ló bá dé ibi tó ti máa yan ìjókòó. Fóònù ní, “Bọ́tìnnì.” Ó fìka sún un síwájú. “Bọ́tìnnì.” Ó tún sún un. “Bọ́tìnnì.” Wọ́n tó ogójì níbẹ̀ tí ìkankan ò lórúkọ. Èmi tí mo ríran ń wò ó pé ìjókòó ni wọ́n, èyí tó funfun ṣófo, èyí tó láwọ̀ eérú ti lẹ́ni, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó tẹ ọ̀kan, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ òmíràn. Lókè síkírínì, ọ̀rọ̀ pupa kan yọ pé ìjókòó yẹn ti lẹ́ni, àmọ́ kò sóhun tó sọ fún fóònù pé kó kà á, torí náà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Aago kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, òun náà ń bá tiẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé aago kankan wà. Nígbà tó yá ni wọ́n dédé gbé e padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ìkànnì yẹn dé, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun pè wọ́n.

Ṣé ó kọ̀wé sí wọn? Rárá o. Mo ní kí ló dé, ó ní tóun bá ń kọ̀wé sí gbogbo ìkànnì tó bá ṣe òun báyìí, ìgbà wo lòun fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́ òun. Ohun tẹ́ ò rí nìyẹn, ọ̀gá mi. Wọn kì í bá yín jà, wọ́n kàn máa ń bá tiwọn lọ ni, nínú ìṣirò yín á sì dà bíi pé ẹnì kan yà wò yín, ọjà yín ò wù ú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní àwọn tó ń gbé pẹ̀lú àìlera ara tó lágbára tó 1.3 bílíọ̀nù láyé, ìyẹn 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ẹ lọ ka àwọn oníbàárà yín ní mẹ́fà-mẹ́fà. Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Àwọn kan wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Utah tí wọ́n ń jẹ́ WebAIM, ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ mílíọ̀nù kan ìkànnì wò, ti 2024, 95.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àṣìṣe tí ẹ̀rọ lásán lè rí. Ìyẹn la ò tíì ka èyí tó jẹ́ pé èèyàn nìkan ló lè rí i.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Báwo gan-an lẹni tí ò ríran ṣe ń lo fóònù ìsinsìnyí tójú ẹ̀ kàn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ò ní bọ́tìnnì kankan téèyàn lè fọwọ́ bà mọ̀? – Màmá tó fẹ́ mọ̀

Ìdáhùn: Màmá, èmi náà bi ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní screen reader, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ka ohun tó wà lójú síkírínì sókè. Lórí kọ̀ǹpútà, JAWS wà, NVDA náà wà. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ọmọ Australia kan tóun fúnra ẹ̀ ò ríran, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006 torí pé àwọn èyí tí wọ́n ń tà ti wọ́n jù. Tá a bá dé orí fóònù, iPhone tó jáde ní 2009 ló kọ́kọ́ ní VoiceOver, Android náà sì ní TalkBack. Ó ti wà nínú fóònù yín báyìí, mà, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Bó ṣe ń ṣe ni pé tí ìka bá kan nǹkan, fóònù ò ní ṣí i, ó máa pe orúkọ ẹ̀ ni. Téèyàn bá ti gbọ́ èyí tó fẹ́, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á wá ṣí. Tó bá fìka gbá síkírínì sápá ọ̀tún, á bọ́ sórí nǹkan tó kàn. Ẹ wá wò ó: èmi àtẹ̀yin, a máa ń fojú gbá ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kan náà ni, a ti mọ ibi tá a fẹ́ lọ. Ẹni tó ń fetí kà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà ó máa ń ní kí fóònù máa fò láti àkọlé dé àkọlé. Nínú ìwádìí tí WebAIM ṣe láàárín àwọn tó ń lo screen reader, bíi méje nínú mẹ́wàá ló ní àkọlé làwọn kọ́kọ́ ń wá lójú ewé tó bá gùn. Àmọ́ àkọlé tí wọ́n pè ní àkọlé nínú kóòdù ló ń rí o. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ lẹ́tà di ńlá tẹ́ ẹ kùn ún dúdú kirikiri, ojú yín ló rí àkọlé, fóònù ò rí nǹkan kan.

Ẹ tan TalkBack yín wò lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ dijú, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ṣe ohun kan ṣoṣo lórí ìkànnì tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tàn án, ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á! Èmi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, odindi wákàtí kan ni fóònù fi ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò lè ṣe é ní nǹkan kan, àbúrò mi ló wá gbà mí.

Ìbéèrè: Mo ní ìkànnì kékeré kan tí mò ń gbé àwòrán sí. Wọ́n ní kí n máa kọ alt text, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé àwòrán fún ẹni tí ò rí i, sí gbogbo ẹ̀, mo wá ń kọ “fọ́tò” sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ti tó? – Oníkámẹ́rà

Ìdáhùn: Kò tó o, ọ̀rẹ́ mi. Screen reader fúnra ẹ̀ á ti kọ́kọ́ sọ pé àwòrán ni, ìwọ náà tún wá ní fọ́tò ni, ẹni tó ń gbọ́ ọ á ní, kí ló dé ná?

Ṣe bíi pé ò ń ka ojú ewé yẹn fún ọ̀rẹ́ ẹ kan lórí fóònù, o wá kan àwòrán. Kí lo máa sọ kẹ́ ẹ lè jọ máa bá ọ̀rọ̀ lọ? Ohun tó o máa kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwòrán náà wá ṣe níbẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ká ní fọ́tò obìnrin kan ni, ó dúró lórí àkàbà, ó ń kun òrùlé. Tó bá jẹ́ àkàbà lò ń tà, kọ “àkàbà onírin tó ṣeé ká, onígbèésẹ̀ mẹ́fà.” Tó bá jẹ́ ìròyìn ìjì lo kọ, “obìnrin kan ń kun òrùlé ilé ẹ̀ lẹ́yìn ìjì” ló máa jẹ́. Fọ́tò kan náà, ọ̀rọ̀ méjì. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ìlà tín-ín-rín tàbí òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, fi alt text síbẹ̀ kó ṣófo, kí screen reader lè fò ó. Má kàn fi sílẹ̀ láìfi síbẹ̀ rárá o, torí àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fáìlì, “I-M-G-4-0-7-3,” títí tó fi máa sú èèyàn. Àwọn tó máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àwòrán, ọjọ́, àkókò, ibi ìpàdé, tí wọ́n á wá gbé àwòrán yẹn nìkan sókè, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn mọ́. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ síta, ẹ jàre.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó gbọ́ èyí. Ní 1999, ọkùnrin ọmọ Australia kan tí ò ríran, Bruce Maguire, fẹjọ́ àwọn tó ń ṣètò Òlíḿpíìkì Sydney sùn pé òun ò rí ìkànnì wọn lò, àìsí alt text lórí àwọn àwòrán wà lára ohun tó kà sí wọn lọ́rùn. Wọ́n bá a jiyàn dáadáa. Ní 2000, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn orílẹ̀-èdè yẹn dá a láre, nígbà táwọn tó ń ṣètò Òlíḿpíìkì ò sì ṣe gbogbo àtúnṣe tí ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n ṣe, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là Australia fún Maguire.

Ìbéèrè: Adití ni mí. Fídíò táwọn èèyàn ń gbé sókè, ẹnu ni mò ń wò lásán. Tí mo bá ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ ń kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. – Ẹni tó ń wo ẹnu

Ìdáhùn: Màá bá ẹ dá wọn lóhùn. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ń kọ ọ́, YouTube bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2009, adití sì wà lára àwọn tó ṣe é, ẹnjiníà Google kan tó ń jẹ́ Ken Harrenstien. Ó sàn ju kó má sí lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ máa ń ṣi orúkọ gbọ́, kì í mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, téèyàn méjì bá sì ń sọ̀rọ̀ á dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ kàn wo èdè tiwa yìí: dókítà sọ nínú fídíò pé “ẹ má lò ó,” ẹ̀rọ wá kọ “ẹ máa lò ó.” Bí ohùn ṣe fà díẹ̀ báyìí, ó ti di òdì kejì ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé fídíò jáde ló yẹ kó jókòó, kó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, kó tún un ṣe, kó sì fi ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kún un, pé ilẹ̀kùn gbá, pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, pé lágbájá ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Tó bá tún lè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sójú ewé, ẹni tí ò ríran tí ò sì gbọ́ràn lè fi ẹ̀rọ Braille kà á lábẹ́ ìka.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń ṣàròyé pé wàhálà ti pọ̀ jù yìí, àwọn náà ń wo fídíò nínú bọ́ọ̀sì láìtan ohùn, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń kà. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Vint Cerf, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló wà létí ẹ̀ láti ọmọdé.

Ìbéèrè: Ẹni tó ya ìkànnì wa fún wa ní lẹ́tà eérú lórí funfun ló bágbà mu, pé dúdú ti le jù. Ìyá mi ò rí i kà. Ta ló jàre? – Ọmọ ìyá ẹ̀

Ìdáhùn: Ìyá yín. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní WCAG, òun ló ń sọ bó ṣe yẹ kí ìkànnì rí kí àwọn àkàndá náà lè lò ó, ó ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1, lẹ́tà ńlá lè jẹ́ 3 sí 1. Dúdú lórí funfun, 21 sí 1 ni, ẹ rí i pé àyè ṣì pọ̀ láàárín tí ẹni yẹn lè fi ṣe oge. Ọ̀fẹ́ làwọn irinṣẹ́ tó ń wọn ìyẹn, ìṣẹ́jú kan ò tiẹ̀ ní í pé. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwádìí WebAIM tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 81 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ewé ló wà lórí ẹ̀ ní 2024. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó má fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀, pé pupa ni kò dáa, ewéko ló dáa. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ò mọ pupa yàtọ̀ sí ewéko dáadáa. Kó fi ọ̀rọ̀ tì í.

Ìbéèrè: Àǹtí, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mi ò lè lo máòsì. Mo ní kí n máa fi kíbọ́ọ̀dù ṣe é, ojú mi rí màbo. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè kan èmi náà. – Ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò, ara á yá. Ohun tójú ẹ rí lóṣù kan yìí lojú àwọn míì ń rí lójoojúmọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àwọn tí ọwọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ rárá tó jẹ́ pé ẹnu tàbí orí ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìkànnì, ẹ gbé máòsì yín jù sínú dúrọ́ọ̀ kẹ́ ẹ wá ṣe èyí. Ẹ tẹ Tab, ẹ tún un tẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá ẹ̀ ń rí ibi tẹ́ ẹ wà. Ó yẹ kí ìlà kan yí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ ká. Tí ò bá sí, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti kọ `outline: none` sínú kóòdù torí pé ìlà yẹn ò dùn ún wò, ó wá dà bí ìgbà téèyàn ń rìn nínú òkùnkùn tí wọ́n tún wá pa iná tọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ẹ tẹ Enter lórí bọ́tìnnì, ẹ fi Space yan nǹkan. Tí àpótí kan bá fò jáde, ẹ tẹ Esc, ṣé ó lọ? Àbí ẹ há sínú ẹ̀, tẹ́ ò lè lọ síwájú tẹ́ ò lè padà sẹ́yìn? Mo ti há bẹ́ẹ̀ rí, ńṣe ni mo pa gbogbo ẹ̀ dé. Àwọn bọ́tìnnì tín-tìn-tín náà ńkọ́, WCAG 2.2 tó jáde ní 2023 ní ó kéré tán, kí fífẹ̀ àti gíga wọn tó píkísẹ́ẹ̀lì 24, ìyẹn gan-an ò tóbi rárá.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní òun máa fi ìlà kóòdù kan ṣoṣo sínú ìkànnì mi, pé lójú ẹsẹ̀ gbogbo akàndá á lè lò ó, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè pè mí lẹ́jọ́. Ṣé kí n san owó ẹ̀? – Ẹni tó fẹ́ tètè ṣe tán

Ìdáhùn: Ẹ fowó yín sápò. Àwòrán èèyàn kékeré tó máa ń jókòó sígun ojú ewé, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó mú lẹ́tà tóbi, ìyẹn ló fẹ́ tà fún yín. Ẹni tó nílò lẹ́tà ńlá ti ní in nínú fóònù ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ yín. Ìlà kan yẹn ò lè mọ ohun tí àwòrán yín wá ṣe lójú ewé, kò lè fún ogójì ìjókòó lórúkọ. Nígbà míì ó tún máa ń bá screen reader èèyàn jà, ẹ̀gbọ́n mi máa ń bú wọn gan-an ni, mi ò lè kọ ohun tó ń sọ síbí. Ní 2025, àjọ FTC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irú ẹ̀ san mílíọ̀nù kan dọ́là torí ó ń polówó pé ọjà òun lè mú ìkànnì èyíkéyìí bá ìlànà mu, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òfin tiẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àbí àánú la fẹ́ máa fi ṣe é? – Lọ́yà ọ̀la

Ìdáhùn: Òfin wà, ó sì ti pẹ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, 2006 ni wọ́n fọwọ́ sí i, abala kẹsàn-án ẹ̀ dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì láìfi bò, orílẹ̀-èdè tó ti gbà á sì ju 180 lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tí ò ríran pe ilé ìtajà Target lẹ́jọ́ nítorí ìkànnì ẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ni wọ́n fi yanjú ẹ̀ ní 2008. Ní Yúróòpù, láti June 28, 2025, òfin tuntun ti mú ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti ìwé orí ẹ̀rọ, ó sì kan ẹni tó wà lókè òkun tó bá ń tajà síbẹ̀. WCAG tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹ̀, àwọn W3C ló ń kọ ọ́, ẹgbẹ́ tí Tim Berners-Lee tó ṣe wẹ́ẹ̀bù dá sílẹ̀ ní 1994, àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 1999. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ò tíì gbọ́, ó ti pẹ́ tó ti ń sùn.

Ti àánú tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi owó ara ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni, kò tọrọ bárà.

Ìbéèrè: Yorùbá ni mo fi ń kọ nǹkan sórí ìkànnì mi. Ọ̀rẹ́ mi tí ò ríran ní bí òyìnbó tó ń ka Yorùbá tipátipá ló ń dún létí òun. – Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire

Ìdáhùn: Lọ wo òkè kóòdù ẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ `lang="en"` ló wà níbẹ̀. Ìyẹn lò ń fi sọ fún fóònù pé Gẹ̀ẹ́sì ni, òun náà sì gbà ẹ́ gbọ́. Fi `lang="yo"` síbẹ̀. Ó ku bóyá ohùn Yorùbá wà lórí fóònù ọ̀rẹ́ ẹ, ìyẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ. Má sì yọ àmì ohùn kúrò, torí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ojú lè fi ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Èmi gan-an ni mi ò ríran. Tí ìkànnì kan bá ti há mi mọ́, kí ni kí n kọ sí wọn tí wọn ò fi ní sọ pé mò ń yọ àwọn lẹ́nu? – Ẹni tó ti sú

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́ kó kúrú, kẹ́ ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ojú ewé tẹ́ ẹ wà, irú fóònù àti screen reader tẹ́ ẹ ń lò, ohun tẹ́ ẹ gbọ́, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Bí àpẹẹrẹ: “Mo fẹ́ yan ìjókòó lójú ewé tíkẹ́ẹ̀tì yín. VoiceOver ni mò ń lò lórí iPhone. ‘Bọ́tìnnì’ nìkan ni mò ń gbọ́ lórí gbogbo ìjókòó. Ó yẹ kí n máa gbọ́ nọ́ńbà ìjókòó àti bóyá ó ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ máa tún un ṣe?” Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, òun ló máa mú kẹ́nì kan dáhùn. Tí fọ́ọ̀mù wọn bá ní kẹ́ ẹ wá bọ́ọ̀sì nínú àwòrán, ẹ wá ímeèlì wọn tàbí ojú ewé wọn níbòmíì, kẹ́ ẹ fi ti fọ́ọ̀mù náà kún ẹ̀sùn.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kà tán yìí, èmi àtẹ̀gbọ́n mi la jọ kọ ọ́ nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu títí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ wọ́n tún un ṣe. Ó ti ń gbọ́ “ìjókòó 14, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ṣófo” báyìí. Ó wá ku bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sanwó, ìyẹn ṣì ń jẹ́ “bọ́tìnnì.” A ti tún kọ òmíràn.